Ajá Tí À Ń Rán Ṣíwájú Wa

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti fẹ́ ṣí ojú ìwé yìí kọjá lọ síbi ìtàn tó ń bá a lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ó dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá tí mo fẹ́ sọ yìí kan ẹ̀mí àwa ẹlẹ́sẹ̀ méjì gan-an.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn C.A.C. ní Eruku, tí wọ́n pa ènìyàn níbẹ̀, tí wọ́n sì da ènìyàn 38 wọ inú igbó lọ bí ẹni da ẹran, ìbéèrè kan ni mo ń gbọ́ ṣáá lẹ́nu àwọn ará wa: "Ajá àwọn ọlọ́pàá dà?" Ọlọ́run ṣeun, ní ọjọ́ 23 oṣù náà ni ìjọba kéde pé gbogbo àwọn 38 náà ti gba ìtúsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Wọ́n ti bi í rí ní Koro, lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2024 tí wọ́n wọ ààfin, tí wọ́n pa Ọba Segun Aremu, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì gbé olorì rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tíṣà pàápàá kò ní gbàgbé, nítorí pé lẹ́yìn ti Eruku ni ìjọba ní kí a ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní Èkìtì tiwa yìí, ní Oke-Ero àti ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó múlé tì wá.

Èmi kò bá ẹni tó ń béèrè ajá jà. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í yẹ omi wò bóyá ó mọ́. Síbẹ̀, kí a tó máa pariwo pé kí wọ́n kó ajá wá, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń béèrè. Ajá ọlọ́pàá kì í ṣe ìbọn tí a lè gbé kọ́ sára ògiri nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣàìsàn, ẹ̀rù ń bà á, ó ń darúgbó. Ẹni tó bá mú un wọ igbó láì bìkítà fún gbogbo èyí, ajá náà á kọ́kọ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn tó tẹ̀lé e á wá bọ́ sẹ́nu ìbọn láìsí ẹni tó kìlọ̀ fún wọn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò.

Ọlọ́pàá tó wọ igbó mọ ohun tó wọṣẹ́ fún. Ó búra, ó ń gba owó oṣù. Bí kò bá wù ú mọ́, ó lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdẹ ìlú náà mọ ohun tó ń dúró dè é nínú igbó. Nígbà tí wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó àti ará ìlú tó lé ní 10 ní Oke-Ode, ní Ifelodun, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, kò sí ọdẹ kan ní agbègbè wa tí kò mọ̀ pé bó ti rí lónìí fún wọn ló lè rí lọ́la fún òun. Ajá kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ọ̀gá òun ní kí òun máa lọ, òun sì ń lọ. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá rán an sí àárín iná, iná ni yóò bẹ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó di okùn rẹ̀ mú ló ru ẹrù ẹ̀mí rẹ̀ lórí.

Àwọn òyìnbó tó ti ń lo ajá tipẹ́tipẹ́ pàápàá kò tètè fi òfin sí i. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2016, ní ìlú Stevenage ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ajá ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Finn àti ọlọ́pàá tó ń mú un, Dave Wardell, ń lé ọmọkùnrin kan tí wọ́n fura sí pé ó jalè. Ọmọ náà fa ọ̀bẹ gígùn yọ, ó gún ajá náà láyà, ó tún dojú ọ̀bẹ kọ ọlọ́pàá. Finn tó ti gbọgbẹ́ tún bẹ́ sí àárín wọn, ọ̀bẹ sì bá a lórí. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lu. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un fún wákàtí púpọ̀, kò sì kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi 11 ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ẹ̀sùn pé ó ṣe ọlọ́pàá léṣe wà lọ́tọ̀ o. Ní ti ajá, ẹ̀sùn tí wọ́n rí kà sí ọmọ náà lọ́rùn ni pé ó ba dúkìá jẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn fọ́ gíláàsì fèrèsé. Inú bí ọ̀pọ̀ ará ìlú. Wọ́n kọ orúkọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin, títí òfin tuntun fi jáde ní ọdún 2019, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní Òfin Finn. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá gún ajá ọlọ́pàá lè sọ fún adájọ́ pé òun ń gba ara òun là ni. Òfin yìí gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Láti ọdún 2021 sì ni ẹni tó bá hu irú ìwà ìkà bẹ́ẹ̀ sí ẹranko ní England àti Wales ti lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 5.

Diesel ti ọlọ́pàá Faransé kò rí ìwòsàn gbà ní tirẹ̀. Ọmọ ọdún 7 ni. Wọ́n rán an ṣíwájú wọ inú ilé kan ní Saint-Denis, lẹ́bàá Paris, níbi tí àwọn apániláyà sá pamọ́ sí, ọta ìbọn sì pa á níbẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni, ọdún mẹ́wàá gééré sí ọjọ́ ti Eruku. Àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé inú ilé náà kò dákẹ́ bí wọ́n ti rò. Iṣẹ́ tí ajá ń ṣe nìyẹn. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, ajá kan ní ọgbà ẹranko Kruger ní South Africa, tí wọ́n sọ ní Killer, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 2016 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olùtọ́jú ẹranko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí bó ti ń tọpa àwọn tó ń pa àgbáǹréré nínú igbó. Igbó ni Killer ti ṣiṣẹ́, àwọn tó ń lé sì ní ìbọn lọ́wọ́. Òun ló súnmọ́ tiwa jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sílé. Kí ló lè pa ajá ọlọ́pàá ní igbó wa? Gbogbo ènìyàn á sọ pé ìbọn. Ìbọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru lè ṣáájú ìbọn. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀; bí ara rẹ̀ bá gbóná, ahọ́n ló ń yọ síta tó ń mí gulegule kí ooru lè jáde. Bí ara ajá bá dá, ooru inú rẹ̀ máa ń wà láàárín 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá ti kọjá 41, ọpọlọ, kíndìnrín àti ìfun rẹ̀ ti wà nínú ewu. Ẹ wá ro oṣù kejì àti oṣù kẹta níhìn-ín, tí koríko ti gbẹ, tí àpáta ń gbóná bí àgbá tí a fi ń din gààrí. Ẹni bá mú ajá irun kíki láti ilẹ̀ òtútù wá, tó sì mú un rìn lórí àpáta ní aago kan ọ̀sán, òun fúnra rẹ̀ ló ń pa á, kò tíì kan ajínigbé.

Ní Amẹ́ríkà, ajá ọlọ́pàá tó kú nínú ọkọ̀ kò níye: wọ́n dá a sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti fèrèsé, ẹ̀rọ amúlétutù sì daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí ìbọn. Ìgbàgbé lásán ni.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń pariwo ajá kì í rò. Ajá tó ń mí gulegule kò lè gbọ́ òórùn dáadáa. Ẹnu ló ń lò láti fi mí nígbà náà, imú rẹ̀ kò ráyè iṣẹ́. Nítorí náà ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ooru mú, yóò ṣì máa rìn lọ níwájú, okùn yóò ṣì le lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò sì rò pé ó ń tọpa. Kò tọpa ohunkóhun mọ́. Ó ń wá ibòji. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń bọ́ sínú ibùba. Ẹ rí i báyìí pé omi tí a gbé dání fún ajá, ara ẹ̀wù ìbọn àwa fúnra wa ni.

Àmì tí ooru bá fẹ́ pa ajá kò fara sin. Ahọ́n rẹ̀ á pọ́n kọjá àlà, itọ́ ẹnu rẹ̀ á ki, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á lè bì, lẹ́yìn náà á ṣubú. Kí ẹ gbé e síbòji lójú ẹsẹ̀, kí ẹ da omi tútù lé e lára, ní ikùn, abẹ́ ẹsẹ̀ àti ọrùn, kí ẹ máa fẹ́ ẹ; bó bá lè mu omi, kí ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ má fi aṣọ tútù bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, aṣọ náà á gbóná mọ́ ọn lára. Kí ẹ kọ́kọ́ tù ú lára kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá ọdẹ nílé, tiyín náà nìyí.

Ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í tètè wọ̀ wà fún ajá. Ó ń bo àyà àti ìhà, kò bo orí, kò bo ẹsẹ̀. Ó wúwo fún un, ó sì ń gbóná. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi wọ̀ ọ́ fún ajá láti àárọ̀ di alẹ́ nínú ooru wa: ìgbà tó bá ń tọpa láti ọ̀nà jíjìn, ó lè bọ́ ọ, ìgbà tí wọ́n bá súnmọ́ ibi tí ìbọn lè ti dún, wọ́n á wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ẹ̀wù ọ̀wọ́n tí a rà fún un á di ìnira fún ajá ni.

Nínú ọkọ̀ kan tó ń kó wa láti Osi lọ sí Iloffa, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín bàbá ọdẹ kan àti tíṣà ọ̀dọ́ kan tó jókòó tì í. Bàbá ló bẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà, kí lo fẹ́ fi ajá òyìnbó ṣe? Tèmi tó wà nílé, bí ọ̀yà bá fi ẹsẹ̀ kan ewé láàárọ̀, yóò bá a dé ibùsùn rẹ̀ lọ́sàn-án."

"Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n bí ajá yín bá ń tọpa ajínigbé lọ, tí ọ̀yà wá gba iwájú rẹ̀ kọjá ńkọ́?"

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Yóò lé ọ̀yà."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, dírẹ́bà pàápàá. Ṣùgbọ́n bàbá kò tíì parí tirẹ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ajá òyìnbó yín, bí eégbọn wa bá mu ún lẹ́jẹ̀ fún oṣù méjì, ta ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ sin ín?"

Tíṣà ní, "Bàbá, ẹ ti borí mi níbẹ̀ yẹn."

Ní tèmi, àwọn méjèèjì ló jàre. Ajá ọdẹ wa gbọ́n, ara rẹ̀ gba ilẹ̀ yìí, ó mọ ìró ejò nínú koríko gbígbẹ. Ohun tí kò ní ni ẹ̀kọ́ láti pa òórùn ènìyàn kan ṣoṣo mọ́ nímú kí ó má yà bàrá. Oṣù púpọ̀ ni ẹ̀kọ́ yẹn ń gbà, lọ́wọ́ ẹni kan náà, lójoojúmọ́. Ajá òyìnbó ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bàbá ọdẹ kò parọ́: eégbọn wa ń gbé àìsàn tó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, eṣinṣin tsetse tó ń fa àìsàn sùn-únsùn-ún fún ènìyàn ní irú tirẹ̀ tó ń pa ajá, ajá àjèjì ni kì í sì lè fara dà á. Ojú rẹ̀ á funfun, ibà á dé, á rù, kò ní lè rìn. Bí a bá fẹ́ lo irú ajá bẹ́ẹ̀ ní igbó tó wà láàárín wa àti Kogi, àfi kí a máa yẹ ara rẹ̀ wò fún eégbọn lójoojúmọ́, kí a máa fún un lóògùn rẹ̀ lásìkò, kí dókítà máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò ṣeé fi ṣeré rárá, nítorí pé ajá tó ń bá ẹranko igbó pàdé tó sì ń gé ènìyàn jẹ, bí dìgbòlugi bá mú un, àwa la gbé ikú wálé.

Dókítà ẹran dà? Èyí ló ń dùn mí jù. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹran wà ní Yunifásítì Ìlọrin, wọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìwòsàn ẹranko níbẹ̀. Ẹ ro ọ̀nà láti Osi tàbí Iloffa dé Ìlọrin, ẹ ro àwọn kòtò rẹ̀, ẹ wá fi ajá tí ọta ìbọn bá ní itan sínú ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tán kí wọ́n tó dé Omu-Aran. Nítorí náà, àfi kí ẹni tó ń mú ajá mọ bí a ṣe ń di ọgbẹ́: kí ó fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ó má máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Kí ó sì kọ́kọ́ fi nǹkan di ẹnu ajá, bó bá ń mí dáadáa, nítorí ajá tí ìrora mú lè gé ọ̀gá rẹ̀ jẹ.

Ewu mìíràn wà tí àwa fúnra wa ń dẹ sílẹ̀. Okùn pańpẹ́ onírin tí a dẹ fún ọ̀yà, ọrùn ajá ni yóò há sí. Tàkúté á ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀tápiápiá tí a fi sínú ẹja kí ó lè pa eku lóko, ajá á gbé e mì. Àwọn olè mọ èyí, òun ni wọ́n fi ń pa ajá ilé oníṣòwò kí wọ́n tó wọlé. Ajá ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ àjèjì, kì í sì í jẹ ohun tó bá bá nílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ju ẹran sí i. Mo mọ̀ pé àánú ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ọ lẹ fẹ́ bà jẹ́ yẹn.

Mo fẹ́ kí àwọn tíṣà bá mi sọ èyí tó kàn yìí fún àwọn ọmọ àti òbí. Imú ajá kì í ṣe ẹgbẹ́ imú wa. Ibi tó ń gba òórùn nínú imú tiwa kò ju bíi mílíọ̀nù 5 tàbí 6 lọ; ti ajá lé ní mílíọ̀nù 200. Ènìyàn tó ń rìn ń gbọn èérún awọ ara rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀, koríko tó tẹ̀ náà sì ní òórùn tirẹ̀. Èyí ni ajá ń tọ̀. Ìrì àárọ̀ àti ibi tútù ń pa á mọ́. Oòrùn ọ̀sán àti atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń ṣe bí wọ́n bá jí ènìyàn gbé? Gbogbo ìlú ló ń rọ́ dé ibẹ̀. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, alùpùpù, a tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, a da omi sí ojú ẹ̀jẹ̀, a kó bàtà tó bọ́ sílẹ̀ jọ. Bí ajá bá wá dé ní ọjọ́ kejì, òórùn igba ènìyàn ni yóò bá. Wọ́n á mú un rìn títí á fi rẹ̀ ẹ́, a ó sì ní ajá náà kò wúlò.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí a kò sì gbàdúrà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà dí ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ, kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ mọ́ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. Ẹ mú ohun kan tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n gbé lọ nìkan, bí aṣọ ìrọ̀rí tàbí ẹ̀wù tó bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀; ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un, ẹ fi ọ̀rá mímọ́ bo ọwọ́, kí ẹ sì fi sínú ọ̀rá mímọ́ mìíràn. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ so ajá àdúgbò mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa lọ bá ajá ọlọ́pàá jà. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Oníṣòwò kan sọ fún mi lójú ara mi pé ọ̀rọ̀ mi kò bójú mu, pé a kò tíì rí oògùn tó tó fún ènìyàn ní ilé ìwòsàn wa, mo wá ń sọ pé kí a wá dókítà fún ajá. Mo gbọ́ ọ yé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ibà kò ní fẹ́ gbọ́ ìròyìn abẹ́rẹ́ ajá. Ṣùgbọ́n èmi kò ní kí a gba ti ènìyàn fún ajá. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí owó ìtọ́jú rẹ̀ kò bá sí, kí wọ́n má ra ajá náà rárá. Kí wọ́n fi owó náà ra rédíò ìbánisọ̀rọ̀ fún àwọn ọdẹ, ó sàn bẹ́ẹ̀. Ajá tí ebi ń pa tí wọ́n tò sí àgọ́ ọlọ́pàá kí a lè ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ẹ̀tàn ni fún àwa tí a gbójú lé e, ìyà ni fún ajá.

Ní ti òfin, a kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Nínú Criminal Code tí wọ́n ń lò ní gúúsù, abala 495 ló sọ̀rọ̀ ìwà ìkà sí ẹranko: ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦50. Náírà àádọ́ta! Kò ra ẹ̀pà tí ajá lè jẹ lónìí. Penal Code tí àwa ń lò ní Kwara náà ka ìyà àìnídìí sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn aṣojú wa ní Ìlọrin àti Àbújá gbọ́ pé iṣẹ́ wà fún wọn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó rẹ̀ náà ń kọ́? Bí ajá ọlọ́pàá bá ti ń sún mọ́ ọdún 8 sí 10, oríkèé a máa dùn ún, imú rẹ̀ a sì máa dín kù. Ní ìlú tí wọ́n ti mọ iyì rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń mú un lọ sílé, bí Finn ti bá ọ̀gá rẹ̀ gbé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2017. Níhìn-ín ńkọ́? Gbogbo wa la mọ ibi tí ajá àgbà ń bá lọ ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní lókílì tí wọ́n sì ń fi ẹmu sìn ín. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni n kò bá olórìṣà jà lórí ohun tí Ògún ń gbà. Ṣùgbọ́n ajá tó ti fi imú rẹ̀ mú ọmọ ènìyàn padà wálé, bí mo bá bá a nínú ìkòkò, n kò ní lè jókòó síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ìpàdé ìlú bá tún pé, tí ọ̀gá ọlọ́pàá tàbí aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ bá sì ṣèlérí ajá fún wa, kí a má kàn pàtẹ́wọ́. Kí a béèrè iye ajá tó ń bọ̀ àti iye ènìyàn tí a kọ́ láti mú wọn. Kí a béèrè ibi tí wọ́n yóò máa sùn, bóyá ó ní ibòji àti omi. Kí a béèrè ẹni tí yóò máa san owó oúnjẹ wọn bí owó láti Àbújá bá pẹ́. Kí a béèrè aago mélòó ni wọ́n máa ń mú wọn wọ igbó. Kí a sì rí i dájú pé nọ́ńbà fóònù dókítà ẹran tó sún mọ́ wa jù wà lọ́wọ́ ẹni tó di okùn ajá mú, kì í ṣe nínú fáìlì ní Ìlọrin.